Ìdánwò ìgbéga àwọn ọlọ́pàá: ẹ̀kọ́ ìgbáradì wo ló yẹ kí ọlọ́pàá Bàntẹ̀ àti Savalou náwó sí?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2018 ni àwọn ọlọ́pàá àti àwọn jàndáámù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti di ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo. Òfin 2017-41 ti ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀pẹ 2017 ni ó da wọ́n pọ̀, tí ó sì sọ wọ́n ní Police républicaine. Ará ìlú rí aṣọ tuntun àti orúkọ tuntun. Àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ rí ju ìyẹn lọ, nítorí pé àwọn méjì tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ àṣà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá di ẹni tí ń dúró lórí ìlà kan náà láti gòkè láti ipò dé ipò.

Ìdánwò wà lójú ọ̀nà ìgòkè náà. Níbi tí ìdánwò bá sì wà, kì í pẹ́ tí àwọn tí ń ta ìgbáradì fi ń pàtẹ síbẹ̀. Ẹnì kan a máa ta ẹ̀dà ìbéèrè àtijọ́. Ẹlòmíràn a kó àwọn olùdíje jọ lórí WhatsApp, a sì máa gba owó lọ́wọ́ wọn lóṣooṣù. Ẹlòmíràn a la kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀ ní Kútọnu. Àwọn mìíràn wà ní ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń ta tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́pàá tí ó wà ní kọmisaríà Bàntẹ̀ tàbí ti Savalou kò lè ra gbogbo rẹ̀. Ó ní láti mú ọ̀kan. Èwo ni yóò mú, kí sì ni yóò fi mọ̀ pé ojúlówó ni?

Ìbéèrè yìí dà bí ọ̀rọ̀ àpò ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá yege nínú ìdánwò ìgbéga ni yóò di ọ̀gá tí ń pàṣẹ fún àwọn mìíràn. Òun ni ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀ràn yóò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni yóò sì wúwo nígbà tí a bá ń pinnu bóyá ẹni tí a mú yóò sùn sí àtìmọ́lé tàbí yóò padà sílé. Ohun tí ó kọ́ kí ó tó yege ni àgbẹ̀ Gouka tàbí oníṣòwò Logozohè yóò bá pàdé ní kọmisaríà lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé. Nítorí náà, yíyan ẹ̀kọ́ ìgbáradì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó kan gbogbo ìlú.

Ọ̀nà jìn, àkókò kò sì tó

Nínú kọ́múùnù mẹ́fà tí ó wà ní ẹ̀ka Collines, Savalou ni ènìyàn pọ̀ sí jù lọ nígbà ìkànìyàn 2013. Ẹni 144 549 ni wọ́n kà níbẹ̀. 107 181 ni wọ́n kà ní Bàntẹ̀. Àrọ́ńdísímà 14 ni Savalou ní, láti Tchetti tí ó súnmọ́ ààlà Togo títí dé Logozohè ní ọ̀nà Dassa-Zoumè. Bàntẹ̀ ní 9, tí Pira, Koko, Akpassi àti Agoua wà lára wọn. Ọ̀nà ńlá RNIE 3 ni ó so ìlú méjèèjì pọ̀: ó gba Dassa-Zoumè wá sí Savalou, ó kọjá ní Bàntẹ̀, ó sì forí lé Djougou.

Iṣẹ́ ọlọ́pàá ní irú ibẹ̀ kì í tẹ̀lé agogo ọ́fíìsì. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá lójú ọ̀nà tọ̀sán-tòru. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn darandaran a máa da màlúù wọn wá sí àárín orílẹ̀-èdè láti wá koríko àti omi, aáwọ̀ láàárín wọn àti àwọn àgbẹ̀ sì lè bẹ́ sílẹ̀ nígbàkigbà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ògún, nígbà tí gbogbo Savalou bá ń ṣe ọdún iṣu, tí àwọn ọmọ ìlú sì ń ti ibi gbogbo bọ̀ wálé, ọjọ́ ayọ̀ gbogbo ènìyàn ni ọjọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Láti Savalou dé Kútọnu ju 200 kìlómítà lọ, Bàntẹ̀ sì tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ní kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa wá sí kíláàsì ní Kútọnu ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ń ta ohun tí ẹni náà kò lè lò fún un. Bí a bá ṣírò owó ọkọ̀, owó ibùsùn àti àyè tí yóò máa tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ìrìnàjò lè wọ́n ju ẹ̀kọ́ lọ.

Ìdí nìyí tí òkìkí ilé ẹ̀kọ́ kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a ó wò. Ohun àkọ́kọ́ ni bóyá ẹni tí ń ṣọ́ òru lè tẹ̀lé ẹ̀kọ́ náà dé òpin. Ẹ̀kọ́ tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tí ènìyàn lè gbọ́ lẹ́yìn ìṣọ́, tí kò sì béèrè íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yára púpọ̀, lè ṣe ẹni tí ó wà ní Akpassi ní àǹfààní ju kíláàsì olówó ńlá lọ. Kí olùdíje béèrè ohun kan lọ́wọ́ olùkọ́ kí ó tó sanwó: bí iṣẹ́ bá gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ òun, ṣé ẹ̀kọ́ tí òun pàdánù yóò ṣì wà níbẹ̀ kí òun padà sí i? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó pa owó rẹ̀ mọ́.

Ìdánwò ni kí a kọ́kọ́ mọ̀

Ohun kejì ni irú ìdánwò tí à ń múra fún, nítorí pé ìgbáradì tí ó bá ọ̀kan mu lè ṣi ènìyàn lọ́nà nínú òmíràn. Ní ilẹ̀ England àti Wales, ọlọ́pàá tí ó fẹ́ di sájẹ́ǹtì tàbí ìnsipẹ́kítọ̀ ní láti yege nínú ìdánwò òfin tí àjọ College of Policing ń bójú tó. Ìbéèrè 150 ni, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é, iṣẹ́ olùdíje sì ni láti mú ìdáhùn tí ó tọ̀nà nínú àwọn tí a tò síwájú rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ di sájẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ gba ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún; ẹni tí ó fẹ́ di ìnsipẹ́kítọ̀, ìdá 65. Fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó kún fún ìbéèrè ìdánrawò lórí kọ̀ǹpútà bá a mu, nítorí pé yíya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó jọ ọ́ ni wọ́n ń dán wò.

Àṣà tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ń lo èdè Faransé jogún yàtọ̀ sí èyí. Kọnkúù tiwọn fẹ́ràn ìwé kíkọ. Wọ́n lè ní kí olùdíje kọ àròkọ lórí ọ̀ràn àwùjọ, kí ó tú ìṣẹ̀lẹ̀ kan palẹ̀ kí ó sì sọ ohun tí òfin wí nípa rẹ̀, tàbí kí ó kọ ìròyìn bí ìgbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n sì lè tún pè é síwájú ìgbìmọ̀ láti bi í léèrè lójúkojú. Níbẹ̀, ẹni tí ó mọ òfin ṣùgbọ́n tí kò lè to èrò rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ yóò pàdánù máàkì, bí ẹni tí ó mọ èdè kọ ṣùgbọ́n tí kò mọ òfin yóò ṣe pàdánù. Ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ kìkì ìbéèrè àti ìdáhùn kúkúrú, bí ó ti wù kí ó dùn mọ́ ènìyàn tó lórí fóònù, kò lè ti ilẹ̀kùn yẹn ṣí.

Nítorí náà, ìwé ìkéde tí ìjọba bá fi pe ìdánwò ni ẹnu-ọ̀nà. Òun ni ó ń sọ ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kópa, ẹ̀kọ́ tí a ó béèrè, iye wákàtí àti ìwọ̀n máàkì ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá sanwó ìgbáradì kí ó tó ka ìkéde náà dà bí ẹni tí ó ra bàtà kí ó tó mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ tí yóò wọ̀ ọ́. Olùkọ́ tí kò bá lè ṣàlàyé bí ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ṣe bá ìkéde náà mu, ní abala kan lẹ́yìn òmíràn, kò tíì mọ ohun tí ó ń tà. Kí a sì rántí pé kì í ṣe gbogbo ìgbéga ni a fi ìdánwò ṣe: ọdún iṣẹ́ àti èrò àwọn ọ̀gá nípa òṣìṣẹ́ náà ní ipa tiwọn. Kò sí kíláàsì tí ó lè ta ìwọ̀nyí.

Òfin tuntun, ìwé àtijọ́

Ibí yìí ni ewu tí ó tóbi jù lọ wà. Láti 2018, òfin tí ọlọ́pàá Bẹ̀nẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ti yí padà ju bí ó ti yí ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú lọ. Ìwé òfin ọ̀daràn tí orílẹ̀-èdè náà ń lò kí ọdún yẹn tó parí jẹ́ èyí tí ìjọba amúnisìn Faransé fi sílẹ̀. Ọdún 1877 ni ìpilẹ̀ rẹ̀, Code Bouvenet sì ni àwọn amòfin ń pè é. Òfin 2018-16 ti ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀pẹ 2018 ni ó gba ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Agẹmọ ọdún kan náà, òfin 2018-13 dá ilé ẹjọ́ CRIET sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ fún ọ̀ràn owó ìlú àti ti ìpániláyà. Ìwé òfin tí ó wà fún íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù, ìyẹn Code du numérique, jáde ní oṣù Ìgbé 2018, wọ́n sì tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021. Ìwé òfin nípa ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2013 gba àtúnṣe ní 2020. Òfin 2021-11 ti ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀pẹ 2021 mú ìjìyà le fún àwọn tí ń fìyà jẹ obìnrin tàbí tí ń fi ìlòkulò lọ̀ wọ́n. Òfin Àgbà ọdún 1990 pàápàá ti gba àtúnṣe láti 2019 wá.

Òfin kan tún wà tí ó kan Bàntẹ̀ àti Savalou ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ: òfin 2018-20 ti ọjọ́ 23 oṣù Ìgbé 2019, tí ó jẹ́ ìwé òfin nípa ẹran dídà. Ọlọ́pàá tí ó ń làjà láàárín àgbẹ̀ àti darandaran láìmọ òfin náà ń dá ẹjọ́ orí ara rẹ̀ ni. Ẹ̀kọ́ ìgbáradì tí kò bá mẹ́nu kàn án lè mú ẹni tí ó wà ní Kútọnu yege, ṣùgbọ́n kò ṣe ẹni tí ó wà ní Bàntẹ̀ ní oore tí ó kún.

Bí òfin ti ń yí padà yìí, ẹ̀dà ìbéèrè àtijọ́ kò yéé kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àpẹẹrẹ kan rọrùn láti fi dán ìwé wò kí a tó rà á: ìjìyà ikú. Ó wà nínú òfin àtijọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wọ àdéhùn àgbáyé tí ó fòpin sí i ní 2012. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2016, Ilé Ẹjọ́ Òfin Àgbà sọ pé a kò lè dá ẹjọ́ ikú fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìwé òfin 2018 kò sì fi í sí àárín àwọn ìjìyà. Ìwé ìgbáradì tí ó bá ṣì ń kọ́ ènìyàn pé ikú ni èrè apànìyàn lábẹ́ òfin Bẹ̀nẹ̀ ti gbó. Bí ó bá sì ń sọ̀rọ̀ nípa jàndáámù bí ẹ̀ṣọ́ tí ó dá dúró, tàbí tí kò mọ CRIET, àmì kan náà ni. Kì í ṣe pé kí a jó ìwé bẹ́ẹ̀. Ó ṣì lè fi bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè han ènìyàn, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ní ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní Nàìjíríà tí ó múlé tì í, òfin ọlọ́pàá tí wọ́n ṣe ní 1943 ni wọ́n ń lò títí òfin tuntun fi gba ipò rẹ̀ ní 2020. Ọlọ́pàá ibẹ̀ tí ó bá gba ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti fi múra ìdánwò lè máa há òfin tí kò sí mọ́ sórí.

Ohun ìyanu ni pé òfin tuntun kò wọ́n. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọba, Journal officiel, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ojú-ewé Secrétariat général du gouvernement. Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Nítorí pé òfin wà lọ́fẹ̀ẹ́, olùdíje lè má kà á sí, kí ó sì lọ san owó gidi fún ìwé tí ẹlòmíràn ti gé kúrú tàbí tí ó ti ṣì kọ. Olùdíje tí ó gbọ́n yóò kọ́kọ́ gba òfin náà fúnra rẹ̀, yóò sì fi í yẹ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń tà fún un wò.

Kí wá ni owó ń rà?

Bí òfin bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ni ó kù tí ó tó ohun tí à ń fowó rà? Àtúnṣe ni. Kò sí ẹni tí ó lè rí gbogbo àṣìṣe ara rẹ̀ nínú ohun tí ó kọ. Ẹni tí ó bá kọ àròkọ mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ ẹ́ wò ti kọ àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Iye olùkọ́ ojúlówó wà nínú ìwé tí ó gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí ó fi kálámù là, tí ó fi hàn níbi tí èrò ti já, níbi tí òfin ti ṣìnà àti níbi tí èdè Faransé ti wọ́, tí ó sì dá a padà ní kíá tó bẹ́ẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣì rántí ohun tí ó ní lọ́kàn nígbà tí ó ń kọ ọ́.

Èyí ni a lè fi ṣe òṣùwọ̀n láàárín ẹ̀kọ́ méjì tí owó wọn dọ́gba. Ìwé mélòó ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ìdánwò tó dé? Ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò: amòfin ni, ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì ni, àbí ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ ara rẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni wọn yóò fi dá a padà? Ṣé wọ́n lè fi ìwé kan tí wọ́n ti yẹ̀ wò han ẹni tí ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀? Níbi tí ènìyàn igba bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan lábẹ́ olùkọ́ kan ṣoṣo, ìṣirò fúnra rẹ̀ ti dáhùn: kò sí ẹni tí yóò ka ìwé wọn.

Ọ̀nà kan wà tí kò wọ́n, tí ó sì bá ibi tí ọ̀nà ti jìn mu. Ọlọ́pàá mẹ́rin tàbí márùn-ún láti Bàntẹ̀ àti Savalou lè da owó pọ̀. Wọn yóò pín òfin láàárín ara wọn, kí olúkúlùkù kọ́ abala kan dáadáa kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí ó kù. Wọn yóò wá olùkọ́ èdè Faransé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní ìtòsí fún èdè àti ètò èrò, wọn yóò sì wá amòfin kan tí yóò máa ka ìwé wọn fún òfin, bí ó tilẹ̀ wà lọ́nà jíjìn. Owó tí ẹnì kan ìbá san fún orúkọ ńlá ní Kútọnu lè tó fún gbogbo wọn. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹni tí ó jẹ́ jàndáámù tẹ́lẹ̀ àti ẹni tí ó jẹ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ yóò máa kọ́ ara wọn ní ohun tí àṣà ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi kọ́ wọn.

Ní ti ẹni tí ó bá ń ṣèlérí pé yíyege dájú, tàbí pé òun mọ ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀, tàbí pé ìbéèrè yóò tẹ òun lọ́wọ́ kí ọjọ́ tó pé, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Bí ó bá ń purọ́, olè ni. Bí kò bá purọ́, ọ̀daràn ni, ẹni tí ó sì fẹ́ gòkè nínú iṣẹ́ tí ń mú ọ̀daràn ni ó fẹ́ di oníbàárà rẹ̀. Ipò tí a bá fi ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gbà kì í fi ọkàn ẹni tí ó gbà á balẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó tà á mọ àṣírí rẹ̀ títí ayé.

Wákàtí 48

Ohun tí ẹ̀kọ́ wà fún ni a ó fi mọ ẹ̀kọ́ tí ó dára. Abala 18 nínú Òfin Àgbà sọ pé a kò gbọ́dọ̀ dá ènìyàn dúró ju wákàtí 48 lọ àfi bí adájọ́ tí a mú un lọ síwájú rẹ̀ bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Bí òfin bá sì gbà kí àkókò náà gùn nítorí ìdí pàtàkì, kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Olùdíje méjì lè kọ 48 sílẹ̀ kí wọ́n sì gba máàkì kan náà. Fún ọ̀kan, nọ́ńbà ni. Èkejì mọ̀ pé wákàtí náà ń kà láti ìgbà tí òmìnira ti kúrò lọ́wọ́ ẹni náà, pé òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ọdún kì í dá a dúró, pé ìwé àkọsílẹ̀ tí kò fi wákàtí náà hàn lè ba gbogbo ẹjọ́ jẹ́ kí ẹni tí ó jẹ̀bi sì lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Abala 19 tẹ̀lé e. Ó ní ìjìyà wà fún ẹni tí ó bá dá ènìyàn lóró, ì báà jẹ́ pé fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é tàbí pé wọ́n pàṣẹ fún un. Ó tún sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba bọ́ lọ́wọ́ ìgbọ́ràn nígbà tí àṣẹ tí wọ́n pa fún un bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú ní ọ̀nà tí ó burú tí ó sì hàn gbangba. Fún ẹni tí ó ń lọ sí ipò àṣẹ, kò sí ẹ̀kọ́ tí ó ju èyí lọ, nítorí pé òun ni yóò máa pàṣẹ, òun náà ni yóò sì máa gba àṣẹ. Ẹ̀kọ́ ìgbáradì tí ó bá ka àwọn abala wọ̀nyí sí ìlà kan tí a ó há sórí ti ta èèpo, ó sì ti da èso nù.

Abala 40 wá mú ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ èdè. Ó pa á láṣẹ fún ìjọba pé kí ó fi ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú gbogbo ètò ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn ológun àti àwọn agbófinró, kí ó sì máa tan ìmọ̀ ẹ̀tọ́ náà kálẹ̀ ní àwọn èdè orílẹ̀-èdè. Èdè Faransé ni olùdíje ń fi ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀ ní kọmisaríà Bàntẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí ń sọ Ìṣà, ti Savalou lè máa sọ Máhì, ti Tchetti lè máa sọ Ifẹ̀, darandaran lè máa sọ èdè Fúlàní. Òfin tí ọlọ́pàá kò bá lè sọ ní èdè tí ẹni náà gbọ́ dà bí òfin tí kò sí fún ẹni náà.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ìgbáradì pàápàá. Kí olùdíje gbìyànjú láti ṣàlàyé abala òfin kọ̀ọ̀kan fún ẹnìkejì rẹ̀ ní èdè abínibí, láìya ọ̀rọ̀ Faransé kan lò. Ibi tí ó bá ti kọsẹ̀ ni ibi tí òfin náà kò tíì yé e. Ìdánwò yìí kò ná a ní kọ́bọ̀, ó sì tún jẹ́ ìgbáradì fún iṣẹ́ tí ó ń dúró dè é lẹ́yìn ìgbéga.

Ohun tí ó kù sí ọwọ́ ìjọba

Àwọn kan nínú àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ lè sọ pé ẹnu iṣẹ́ ni a ti ń kọ́ iṣẹ́, pé ẹni tí ó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú ọ̀nà kò nílò kíláàsì. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ìrírí a máa kọ́ ènìyàn bí a ti ń pẹ̀tù sí ìjà, bí a ti ń mọ irọ́, bí a ti ń bá àgbà àdúgbò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìrírí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé òfin ti yí padà ní Àjàṣẹ́. Ẹni tí ó bá sì ti ń ṣe ohun kan ní àṣìṣe fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè má mọ̀ ọ́n ní àṣìṣe mọ́.

Àwọn mìíràn ní ọjà ni kí a fi í sílẹ̀ fún, kí ẹni tí ó lówó ra èyí tí ó dára. Ibí ni ọ̀rọ̀ ìdọ́gba ti wọlé. Bí ìgbáradì bá jẹ́ ti ẹni tí ó wà ní Kútọnu nìkan, ipò àṣẹ yóò máa bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí wọ́n fi sí ìtòsí ilé ẹ̀kọ́, àwọn tí wọ́n rán lọ sí Agoua tàbí Doumè yóò sì máa rò pé ìyà ni wọ́n fi jẹ wọ́n. Kò sí orílẹ̀-èdè tí yóò rí ọlọ́pàá tí ó dára rán lọ sí ìgbèríko bí lílọ síbẹ̀ bá dàbí títì ilẹ̀kùn ìgbéga.

Ohun tí ó lè tún un ṣe kò ju agbára ìjọba lọ. Ilé-iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé àti Ààbò lè máa tẹ ìbéèrè ọdún tí ó kọjá jáde pẹ̀lú àlàyé ìgbìmọ̀ nípa ibi tí àwọn olùdíje ti kùnà. Ìwé kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ yóò ba ọjà àwọn tí ń ta ẹ̀dà gbígbó jẹ́ lọ́jọ́ kan. Wọ́n lè máa kó àwọn òfin tuntun jọ lọ́dọọdún ránṣẹ́ sí kọmisaríà gbogbo. Wọ́n sì lè ṣètò kíláàsì ọjọ́ díẹ̀ ní Dassa-Zoumè, olú-ìlú ẹ̀ka Collines, tí ẹni tí ó wà ní Savalou lè lọ kí ó sì padà ní ọjọ́ kan náà.

Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, ọwọ́ olùdíje ni ìpinnu wà: kí ó ka ìkéde, kí ó gba òfin tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sanwó fún ẹni tí yóò ka ìwé rẹ̀, kí ó sì sá fún ẹni tí ń ta ìdánilójú. Ará ìlú kì yóò mọ máàkì tí ó gbà. Wọn yóò mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá mú ọmọ wọn lọ sí kọmisaríà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí ọ̀gá tuntun bá wo aago, tí ó kọ wákàtí sílẹ̀, tí ó sì ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀, ní èdè tí ìyá gbọ́, iye wákàtí tí ó kù.